Bí mo ṣe ń kó ìwé Yorùbá jọ, bí mo ṣe ń tọ́jú wọn, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń bá wọn ṣeré

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, abẹ́ ibùsùn rẹ̀ la ti fa páálí ọṣẹ kan jáde. Ìwé 37 ló wà nínú rẹ̀. Ikán ti jẹ 11 nínú wọn tán. Èèpo ẹ̀yìn ṣì dúró, àkọlé ṣì hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀kan, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìkarahun ìgbín. Inú rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Ìwé Fágúnwà kan ni, èyí tí bàbá mi máa ń kà sókè fún wa lálaalẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún níbi ìsìnkú lọ.

Ọdún 22 rèé. Ìwé 26 tó ṣẹ́kù yẹn ló bí 412 tó wà nínú yàrá mi lónìí. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mo fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀, èdè Yorùbá ni mo sì kọ́ ọmọ títí mo fi kúrò. Màmá mi, tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ẹni tó ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ kó tó rẹ ẹ́ láró. Ẹ ó rí i níwájú pé iṣẹ́ wọn wọnú ọ̀rọ̀ ìwé yìí gan-an. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe tí ìwé mi kì í bu, tí kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe é náà ni mo fẹ́ sọ, títí kan ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ibi tí ìwé wà

Ẹ má tíì sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Inú ilé àwọn àgbà ni ìwé Yorùbá tó dára jù wà: orí àjà, inú àpótí, abẹ́ ibùsùn. Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ọmọ kan fẹ́ palẹ̀ yàrá bàbá wọn mọ́, ẹ tètè lọ kí wọn, kí ẹ sì béèrè kí wọ́n tó da páńtí nù. Nílé àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ohun mẹ́ta ni mo sábà máa ń bá: Bíbélì, ìwé orin, àti Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Bíbélì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ wo ojú ewé funfun tó wà níwájú pátápátá. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí. Nínú tiwa, mo bá orúkọ àbúrò bàbá mi kan tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ létí mi rí, ọmọ tó lo ọjọ́ 9 péré láyé ní 1931. Ìwé tí ẹnì kan fẹ́ sọ sínú iná ló gbé ọmọ yẹn pa mọ́ fún wa.

Lẹ́yìn ilé àwọn àgbà ló kan àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù. Mo máa ń lọ sí Yaba, l'Ékòó, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ẹ ní ìwé Yorùbá?" Wọ́n á ní kò sí, nítorí ìwé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti ìṣègùn ni ojú wọn wà. Ẹ sọ pé ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọ fi ń ṣe WAEC láyé ọjọ́un lẹ ń wá. Wọ́n á wọ́ páálí kan jáde láti ìsàlẹ̀, ẹ̀yin náà á wá lóṣòó tì í.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ìwé náà mú níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sórí ìwé ìròyìn. Tí lẹ́búlẹ́bú bá jábọ́, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé tó gbẹ̀yìn, nítorí pé iwájú àti ẹ̀yìn ni ìwé ti máa ń ya. Èmi kì í da owó púpọ̀ lé ìwé tí ewé rẹ̀ kò pé, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tí mi ò tíì fojú kàn rí.

Ẹ wo àkọtọ́ rẹ̀ náà. Ìwé Yorùbá àtijọ́ mìíràn kò ní ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lára mọ́, nítorí ojú ewé yẹn ló ti ya lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń rí "aiye", "enia", "nwọn", "yio" àti "onjẹ" nínú rẹ̀, àkọtọ́ àtijọ́ lẹ dì mú yẹn. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí èyí tí a fi ń kọ́ ọmọ lónìí, tí a fi ń kọ ayé, ènìyàn, wọ́n, yóò àti oúnjẹ. Bíbélì nìkan ni kí ẹ má fi èyí díwọ̀n, torí pé wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ ní àkọtọ́ àtijọ́ dòní. Ẹ tún wo orúkọ àwọn tó tẹ ìwé. Ìwé tí Fágúnwà kọ́kọ́ kọ, ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé àwọn ajíhìnrere CMS ló ti jáde ní 1938, ilé ìtẹ̀wé Nelson ló wá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá rí èyí tí CMS wà lára rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ lílágùn gbé e.

Ìwé kì í wọlé lọ́jọ́ tó dé

Ìwé àlòkù kankan kì í dé orí pẹpẹ mi lọ́jọ́ tí mo rà á. Ohun tí mo fi ojú mi rí ló kọ́ mi. Mo ra ìwé 3 lọ́jọ́ kan, mo tò wọ́n sáàárín àwọn tó kù nítorí pé inú mi dùn. Kó tó pé oṣù méjì, ihò wẹ́wẹ́ ti wà lára ìwé 8.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mò ń di ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, mo fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo so ó pa, mo tún fi ọ̀rá kejì dì í. Mo wá gbé e lọ sínú fìríìsà fún ọjọ́ 14. Òtútù tó bá dé ìwọ̀n Celsius 18 ní ìsàlẹ̀ òdo, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ń pa kòkòrò, ó ń pa ẹyin rẹ̀ náà. Fìríìsà tèmi kò wúlò fún èyí, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Tí yìnyín bá ń yọ́ tó tún ń dì, kòkòrò kò ní kú, ìwé ni yóò jìyà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa ni mò ń gbé wọn lọ. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi, ẹja ò sì gbọdọ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rá méjèèjì yẹn ni kì í jẹ́ kí ìwé máa rùn bí ẹja, ẹ má fi ẹyọ kan ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi yóò sẹ̀ sí ara ọ̀rá lóde. Tí ẹ bá tú u ní kánjúkánjú, ara ìwé ni omi yẹn yóò ti sẹ̀.

Tí ìwé bá ti bu, ẹ má sá a sóòrùn gangan, oòrùn á ká ewé rẹ̀ kò. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ jáde síta, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá funfun rẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe é nínú yàrá.

Pẹpẹ

Ikán kì í rìn ní gbangba. Erùpẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ̀nà tó ń gbà, á bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fa pẹpẹ ìwé mi kúrò lára ògiri. Ọwọ́ mi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Tí ikán bá fẹ́ dé ibẹ̀ láti ara ògiri, àfi kó kọ́ afárá, màá sì rí i. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ jù ga kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ sí ìgúnpá. Àwọn ìyá wa máa ń gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ sínú agolo omi nítorí eèrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ẹsẹ̀ pẹpẹ mi, ṣùgbọ́n ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò ni mo dà sínú agolo, torí omi ń yára gbẹ, ó sì ń jẹ́ kí inú yàrá tutù.

Ìrókò ni kí káfíńtà fi kàn án. Wọ́n á ní igi afàrà kò wọ́n, àràbà fúyẹ́. Òótọ́ ni, ikán náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí agbára ò bá gbé ìrókò, irin ló kàn.

Ní ti káńfọ̀ tí gbogbo ayé ń jù sáàárín ìwé, mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń bá ewé ìwé gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fọ́ mi lórí tí mo bá ń kàwé. Ewé dóńgóyárò tútù tí wọ́n ní kí n fi sínú rẹ̀ sì ta àbàwọ́n sí ojú ewé méjì.

Ìlà kan lọ́sẹ̀

Ká ní ẹ̀ ń kánjú, tó jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kà nínú ohun tí mo kọ, ibí yìí ni kí ẹ kà. Ohun tó pa ìwé bàbá mi kì í ṣe ikán nìkan. Ó tó ọdún 9 tí ojú bàbá mi ti ń fọ́, tí páálí yẹn sì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú àwa ọmọ ṣí i. Ká ní a ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti kàwé fún un ni, à bá ti rí erùpẹ̀ àkọ́kọ́ tí ikán gbé wá.

Ìlà 14 ni ìwé mi tò sí. Ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun tí mo sì ti fọwọ́ dáadáa, mo máa ń sọ ìlà kan kalẹ̀ sórí tábìlì. Màá fi aṣọ funfun gbígbẹ nu ìwé kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ ní pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni eruku ń bà lé. Nígbà ọyẹ́, aṣọ yẹn á pupa bí ilẹ̀. Màá nu pákó pẹpẹ náà. Màá fi àtàǹpàkò tú ewé ìwé náà fìrìrì láti iwájú dé ẹ̀yìn kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí n tó dá a padà, màá ka ojú ewé kan sókè. Ibi tó bá ṣí sí náà ni. Ìlà kan kì í gbà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, àfi tí ojú ewé kan bá dùn tí mi ò lè dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ọwọ́ mi kì í kàn ní ìgbà mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, lọ́dún.

Ẹ má fi itọ́ ṣí ìwé. Mo mọ̀ pé báyìí ni tíṣà wa ń ṣe, mo mọ̀ pé báyìí ni bàbá yín ń ṣe. Igun ìsàlẹ̀ ojú ewé tó ti dúdú nínú ìwé àtijọ́, itọ́ àti epo ló wà níbẹ̀, òórùn epo yẹn sì ni aáyán ń bá bọ̀. Igun òkè ni kí ẹ ti gbá ewé mú, pẹ̀lú ìka gbígbẹ.

Èyí tó ya

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ sí ìwé bàbá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ 5 nínú 26 yẹn. Ó mọ́, ó ń dán, inú mi dùn. Lẹ́yìn bí ọdún 6, ọ̀rá rẹ̀ ti ṣí kúrò fúnra rẹ̀, àtè rẹ̀ sì ti wọ inú ewé lọ, ó pọ́n bí epo. Lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ṣeé kà dáadáa mọ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ yọ ọ́. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí sẹ́lótéèpù kan ìwé yín.

Màmá mi ló rí mi níbi tí mo ti ń bínú síra mi, tí wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀kọ ò lè lẹ̀ ẹ́ ni?" Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń wí, èyí tí wọ́n fi ń ya ara aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí aró má baà mu ibẹ̀. A gbìyànjú rẹ̀. Ó lẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ láfún ti kan kó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ ò kúrò, aáyán sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Álọ́ọ̀mù àti copper sulphate tí màmá mi ń pò mọ́ ti aṣọ kò sì yẹ kó dé ara ìwé rárá: wọ́n ń jẹ́ kí ewé gbó kíákíá. Èyí tó wá jẹ́ fún mi ni sítáàṣì gbáàgúdá lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ kó lè le.

Mo máa ń fi síbí sítáàṣì 1 sí síbí omi 5. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má ní kókó, kí ẹ da omi tó kù sí i, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le, kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Funfun rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ògì. Nígbà tó bá yá, á máa ki, á wá dán, ẹ ó lè máa rí ìdí ìkòkò nígbà tí síbí bá kọjá. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì rò ó fún bíi ìṣẹ́jú 10 sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi díẹ̀ là á títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 3 lọ.

Tákàdá tí ẹ ó fi lẹ ibi tó ya gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí ó sì lágbára. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi tèmi ránṣẹ́, tákàdá àwọn ará Japan tí wọ́n ń fi èèpo igi kozo ṣe. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa ka lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó lómi fa ìlà sí i lára, kí ẹ fọwọ́ méjèèjì rọra ya á níbi ìlà náà. Etí rẹ̀ á ní irun wẹ́wẹ́. Irun yẹn gan-an ni yóò di ewé àtijọ́ mú. Ẹ fi sítáàṣì pa tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kì í ṣe ewé ìwé, kí ẹ gbé e lé ibi tó ya, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ẹ gbé ọ̀rá sókè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ojú ewé méjì má baà lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ sì fi nǹkan wíwúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ pààrọ̀ ọ̀rá náà sí tákàdá gbígbẹ kí ó lè gbẹ. Ọmọ ọlọ ata kékeré ni èmi fi ń tẹ̀ ẹ́.

Tí ó bá jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi pín-ìn-nì gún láàárín, pín-ìn-nì yẹn ti dípẹtà, ipẹtà sì ń jẹ ewé. Ẹ rọra fi ọ̀bẹ tó kú tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an padà sínú ihò kan náà. Bí a ṣe ń rán an ni màá sọ nísàlẹ̀.

Kíkà á sókè

Ìwé àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lámì ohùn. Ẹni tó bá fojú lásán kà á, á máa rò pé òun gbọ́ ọ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan ń kàwé fún màmá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dé ibi tí wọ́n kọ "aro nsọ mi" sí, ó kà á bí aró, aró tó wà nínú ìkòkò màmá mi. Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àárò ni, ọmọ mi. Àárò ẹni tó lọ ló ń sọ ọ́." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un: aró tí a fi ń pa aṣọ, ààrò tí a fi ń dáná, àárò tó ń sọni. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà lójú ewé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ di òfin pé a kì í dákẹ́ ka ìwé Yorùbá nílé wa.

Mi ò kì í kọ ohunkóhun sára ìwé. Tí mo bá rí ibi tí ohùn ti lè ṣini lọ́nà, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi há ojú ewé náà. Ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí, mo máa ń kọ ọ́ sínú jọ́tà: ọ̀rọ̀ náà, ojú ewé, àti ohun tí màmá mi tàbí àgbàlagbà mìíràn sọ pé ó jẹ́. Tó bá ti pé 5, mo máa ń fi gbogbo wọn kọ ìtàn ojú ewé kan tàbí ewì kékeré. Báyìí ni "ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀" ṣe padà sẹ́nu mi, omi òjò tó ń ṣàn láti etí òrùlé. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún pè é ní "omi tó ń jábọ́ lórí páànù". Tí ẹ kò bá fi ọ̀rọ̀ tí ẹ rí ṣe nǹkan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó gbàgbé rẹ̀. Mo ti dán an wò.

Ilé ìkàwé

Ìwé tí mi ò lè rà, mò ń lọ bá a níbi tó wà. Ọjọ́ Túsìdeé ni mo yà sọ́tọ̀ fún ilé ìkàwé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù sì ni mò ń lọ sí Ìbàdàn, sí Kenneth Dike Library ní yunifásítì tàbí sí National Archives tó wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ fi bírò sílẹ̀ nílé. Ní ilé ìkàwé tó bá ń fi nọ́ńbà Dewey to ìwé, ẹ mọ nọ́ńbà méjì yìí sórí: 496.333 ni ti èdè Yorùbá, 896.333 ni ti lítíréṣọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ dúró níwájú ibẹ̀ kí ẹ wo ìwé tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì èyí tí ẹ wá. Mo ti rí ìwé tó wù mí níbẹ̀ ju èyí tí mo tìtorí rẹ̀ wá lọ.

Ẹ má ṣe ẹ̀dà ìwé tó ti gbó lórí ẹ̀rọ fótókọ́pì, títẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Ẹ tọrọ àyè, kí ẹ fi fóònù yà á láìtan fíláàṣì. Kí ẹ sì kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi pé ìwé tí mo ti ń wá fún ọdún mẹ́ta wà nínú páálí tí wọn ò tíì tò.

Ìlú mi yìí náà ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere CMS, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ní 1859. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó di Ìfọ́lé ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ìwé ìròyìn náà dákẹ́. Mo máa ń rò ó pé èèyàn ti fi ìwé yẹn di àkàrà rí, nítorí pé ó pọ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń tọ́jú ìwé pẹlẹbẹ ìsìnkú, ìwé ètò ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tó ní oríkì lára. Àpò tákàdá ni mò ń kó wọn sí, ọdún kan, àpò kan.

Ẹni tó fẹ́ yá a

Mo ń yá èèyàn ní ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo bá ní méjì nìkan ló ń jáde. Màá kọ orúkọ, ọjọ́, àti ìrísí ìwé náà sínú jọ́tà lójú ẹni tó wá yá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Àwọn tó kù, ẹ wá kà á nílé wa, màá fún yín ní omi tútù àti àga tó dára.

Rírán ìwé àti adìrẹ

Ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ọwọ́ mi ni mo fi ń rán an. Ẹ mú tákàdá A4 mẹ́jọ, ẹ ká gbogbo rẹ̀ sí méjì lápapọ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn síbí fa ibi tí ó ká. Ẹ ti ní ojú ewé 32. Ẹ ṣí i, ẹ fi òòlu lu ihò mẹ́ta sójú ìlà àárín: ọ̀kan láàárín gangan, méjì tó kù níwọ̀n ìka mẹ́ta sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìda fa òwú kó má baà lọ́. Láti inú, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ihò àárín jáde síta, kí ẹ sì fi ìdí òwú sílẹ̀ nínú. Ẹ gba ihò òkè wọlé. Ẹ fo ihò àárín, kí ẹ gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ padà gba ihò àárín wọlé. Ìdí òwú méjèèjì ti wà nínú báyìí. Kí ọ̀kan wà lápá ọ̀tún òwú gígùn tó nà láàárín, kí ìkejì wà lápá òsì, kí ẹ so wọ́n pọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe rán ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ yọ pín-ìn-nì rẹ̀.

Adìrẹ ni mo fi ń bò ó. Àjákù aṣọ màmá mi pọ̀ nílé. Ẹ fọ aṣọ náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí aró tuntun ń ràn, ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ sì ń pe kòkòrò. Tó bá gbẹ, ẹ fi sítáàṣì lẹ tákàdá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó gé e. Ìwé àtijọ́ ni kí ẹ má lẹ aṣọ mọ́. Ẹ rán an bí àpò tí ìwé ń wọ̀, tó ń bọ́.

Mi ò da èèpo ìwé Fágúnwà tí ikán jẹ inú rẹ̀ nù. Fún ọdún 20, ó wà nínú àpò tákàdá, òfìfo. Lọ́dún tó kọjá, mo rán ìdì ìwé mẹ́rin, ojú ewé 128, mo fi adìrẹ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan so ó mọ́ inú èèpo náà. Ó bá a mu. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ kọ sí i. Mo ní orúkọ gbogbo ọnà tí ẹ ti yà sára aṣọ láyé yín.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la ń ṣe é. Màmá mi á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà náà sórí tákàdá pẹ̀lú tàdáwà, èmi á kọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ wọn sábẹ́ rẹ̀. A ti kọ Ìbàdàn Dùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó láàárín. A ti kọ Olókun. Orí Ṣùn Bẹ́bẹ́ la wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí màmá mi ní bí wọ́n ṣe ń yà á nílé ìyá wọn kọ́ ni wọ́n ń yà á lọ́jà Ìtòkú báyìí, wọ́n sì fẹ́ kí n fi méjèèjì sí i. Ojú ewé 19 la dé.